Omi pupa láti ibi ìwakùsà èédú: ẹ má fọwọ́ sí ìwé àtakò, ẹ kọ ohun tí ẹ ń fẹ́ ránṣẹ́ sí káńsù

Sí Olóòtú,

Mo kí yín fún iṣẹ́ takuntakun tí ẹ ń ṣe lórí èdè wa. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé jáde kan àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní àwọn ìlú tí wọ́n ti ń wa èédú nígbà kan rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Wales. A ti ń pọ̀ sí i níbẹ̀ láti ìgbà tí àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń tọ́jú arúgbó ti ń wá láti ilé. Ilé kò wọ́n níbẹ̀ bíi ti Lọ́ńdọ̀nù, òun ló mú ká máa rà á, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ilé náà lé.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n wa kan, tí gbogbo àwa ọmọ Yorùbá tó wà ní apá ìlà-oòrùn Durham ń bọ̀wọ̀ fún, fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Wọ́n ní àjọ ìjọba ti tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ káńsù láti gbẹ́ adágún mẹ́ta, kí wọ́n sì gbin ìféèfé, ìyẹn koríko gíga etí omi, sí pápá tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò wa, kí wọ́n lè máa fọ omi ìdọ̀tí tó ń sun jáde láti inú ibi ìwakùsà èédú tí wọ́n ti pa tì. Wọ́n ní kí gbogbo wa fọwọ́ sí ìwé àtakò, nítorí pé owó ilé wa yóò wálẹ̀, adágún náà yóò máa rùn, ẹ̀fọn yóò pọ̀ sí i, àti pé kò sí ìdí kankan tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀bá ilé wa ni wọn yóò gbé e sí. N kò ní dárúkọ wọn, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń bá àgbà jà. Ṣùgbọ́n ìwé àtakò yẹn kò lè ṣe wá láǹfààní, ọjọ́ tí òfin fún wa láti sọ ohun tó lè ṣe wá láǹfààní sì ń lọ.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ bí omi náà ṣe débẹ̀. Nínú òkúta tó yí èédú ká, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní páírátì, irin àti imí-ọjọ́ ló para pọ̀ dá a, ó sì máa ń dán bíi wúrà. Nígbà tí àwọn awakùsà ṣì wà nísàlẹ̀, ẹ̀rọ ń fa omi jáde tọ̀sán-tòru kí wọ́n má baà rì, atẹ́gùn sì ń ráyè kan páírátì náà, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n pa ibi iṣẹ́ náà tì ni wọ́n pa ẹ̀rọ. Omi wá bẹ̀rẹ̀ sí í ga sókè lọ́dọọdún, ó ń fọ gbogbo ohun tí atẹ́gùn ti jẹ sílẹ̀, títí tó fi rí ojú ihò àtijọ́ kan tàbí ẹ̀gbẹ́ òkè tó lè gbà jáde. Bó bá ti ń jáde gẹ́lẹ́, ó lè mọ́ lójú débi pé àlejò yóò fẹ́ bù ú mu. Kò ní pẹ́ tó bá pàdé afẹ́fẹ́ tí irin inú rẹ̀ yóò fi dípẹtà, tí omi yóò pọ́n bí osùn, tí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ yóò sì tẹ́ sísàlẹ̀ odò bí ìgbà tí èèyàn da aṣọ bo òkúta. Abẹ́ àwọn òkúta yẹn ni kòkòrò tí ẹja ń jẹ máa ń gbé, àárín wọn ni ẹja ń yé ẹyin sí. Odò kékeré tó gba ẹ̀yìn àdúgbò wa kọjá ti rí bẹ́ẹ̀ kí n tó dé ibẹ̀, mo sì ti dúró tì í ní àìmọye àárọ̀ Sátidé pẹ̀lú ọmọ mi láìrí ohun kan tó mira nínú rẹ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò mọ sórí ẹja. Wọ́n pa ibi ìwakùsà Dawdon tì ní 1991, ti Easington tẹ̀ lé e ní 1993, nígbà tí ọdún yẹn sì ń parí lọ ni wọ́n ti Wearmouth ní Sunderland pa, èyí tó kẹ́yìn ní gbogbo àgbègbè èédú Durham, tí pápá bọ́ọ̀lù ńlá ìlú náà wà lórí rẹ̀ báyìí. Lẹ́yìn tí wọ́n pa ẹ̀rọ tó ń fa omi ní etíkun wa, omi ìdọ̀tí náà ń ga lọ sí inú òkúta ẹfun tó wà lókè rẹ̀, inú òkúta ẹfun yẹn sì ni wọ́n ti ń fa omi tí àwọn èèyàn ń mu. Ewu yìí ló mú kí wọ́n kọ́ ibi ìfọmi sí Horden àti Dawdon, kí wọ́n lè máa fa omi náà sókè, kí wọ́n sì fọ̀ ọ́ kí ó tó wọ òkun. Ẹni tó bá sì rò pé ìjọba kàn ń wá iṣẹ́ ṣe ni, kí ó bi àwọn ará Cornwall léèrè. Kì í ṣe èédú ni wọ́n ń wà ní Wheal Jane, tánganran ni, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pa á tì ní 1991 tí wọ́n sì dá ẹ̀rọ dúró, kò pé ọdún kan tí omi náà fi já jáde lẹ́ẹ̀kan náà ní oṣù kìíní 1992, tó pa odò Carnon láró títí dé etíkun Falmouth.

Ẹ̀gbọ́n wa béèrè pé kí ló dé tí àwọn tó jẹ èrè èédú kò wá fọ omi wọn fúnra wọn. Ìbéèrè tó dára ni. Láti 1947 ni ìjọba ti gba gbogbo ibi ìwakùsà èédú lọ́wọ́ àwọn aládàáni, nígbà tí wọ́n sì tún tà wọ́n ní 1994, wọ́n dá àjọ Coal Authority sílẹ̀ ní Mansfield láti máa ru ẹrù àtijọ́ náà. Òfin kò ká ẹni tó pa ibi ìwakùsà tì ṣáájú ìparí 1999 mọ́ nítorí pé ó jẹ́ kí omi máa ṣàn jáde, nítorí náà owó orí tí èmi àti ẹ̀yin ń san ni wọ́n fi ń ṣe é. Àjọ náà, tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ sí Mining Remediation Authority ní 2024, ń fọ omi níbi tó ju 70 lọ, ó sì ju bílíọ̀nù 100 lítà lọ lọ́dọọdún. Omi yìí kò ní tán lójú wa, kò sì ní tán lójú àwọn ọmọ wa.

Ní ti owó ilé, kí a má tan ara wa jẹ: bí wọ́n ṣe ń lo òfin ìkọ́lé ilẹ̀ yìí, káńsù kì í ka ìdínkù owó ilé mọ́ ohun tí wọn yóò fi ṣe ìpinnu. Ọgọ́rùn-ún ìbuwọ́lù lórí ìdí yẹn kò lè ṣí ọ̀rọ̀ náà nípò. Ní ti ẹ̀fọn, mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí èmi náà kì í rí omi adágún kí n má rántí ibà ìgbà èwe mi, ṣùgbọ́n omi yìí kò dúró sójú kan, ibà kò sì sí lára ẹ̀fọn ilẹ̀ yìí. Ní ti ibi tí wọ́n fẹ́ gbé e sí, omi ló yan ibẹ̀. Ìsàlẹ̀ ojú ihò ni ibi ìfọmi gbọ́dọ̀ wà kí omi lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibẹ̀, kí ó kọ́kọ́ já wálẹ̀ lórí àwọn àkàsọ̀ kí ó lè mí afẹ́fẹ́ sínú, kí ó wá tòrò nínú adágún fún nǹkan bí ọjọ́ méjì, kí ìféèfé sì sẹ́ èyí tó kù kí ó tó wọ odò. Bí wọ́n bá gbé e lọ sórí òkè, ẹ̀rọ ni yóò máa fà á sókè títí ayé, iná mànàmáná ẹ̀rọ náà yóò sì di gbèsè tí kò lópin.

Ti òórùn nìkan ni mo ti gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n wa, kì í sì í ṣe gbogbo ibi ìfọmi ló ń rùn. Bí irin nìkan bá pọ̀ nínú omi, adágún àti ìféèfé tó fún un. Bí omi bá kan bí ọtí kíkan, wọ́n lè ní láti da ìgbẹ́ ẹran àti koríko jíjẹrà sábẹ́ rẹ̀ kí àwọn kòkòrò àìfojúrí inú wọn lè bá a ṣiṣẹ́, inú iyẹn sì ni òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ ti ń wá. Ó yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ wọn, ní kíkọ sílẹ̀, èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe nínú méjèèjì. Ní Quaking Houses, abúlé àwọn awakùsà kan nítòsí Stanley ní Durham wa níhìn-ín, irú oko ìféèfé tó ní ìgbẹ́ màlúù àti ti ẹṣin lábẹ́ yìí ni àwọn ará abúlé náà ṣe pẹ̀lú àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Newcastle ní 1997. Àwọn ará abúlé náà fúnra wọn ló ti kọ́kọ́ pariwo pé odò Stanley Burn ti bàjẹ́. Wọn kò dúró kí ìjọba wá bá wọn. Mo fẹ́ràn ìtàn wọn nítorí pé tálákà ni wọ́n, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, síbẹ̀ wọ́n jókòó ti àwòrán iṣẹ́ náà títí wọ́n fi mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí a ṣe nìyẹn. Òfin fún aládùúgbò ní ọjọ́ 21, ó kéré tán, láti kọ èrò rẹ̀ ránṣẹ́ sí káńsù. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò ṣe ìpinnu, láàárín ọ̀sẹ̀ 8 láti ọjọ́ tí wọ́n gba ìwé ìtọrọ àṣẹ bí iṣẹ́ náà bá kéré, ọ̀sẹ̀ 13 bí ó bá tóbi, tàbí 16 bí ó bá gba àyẹ̀wò àyíká. Ẹni tó tọrọ àṣẹ lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn bí wọ́n bá já a kulẹ̀. Àwa aládùúgbò kò ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá fún un láṣẹ: ilé-ẹjọ́ gíga nìkan ló kù fún wa, láàárín ọ̀sẹ̀ 6, ìyẹn bí a bá lè fi hàn pé wọ́n rú òfin, àti bí a bá lówó lọ́yà. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ tiwa, ìsinsìnyí ni, ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà gbọ́ ọ ni àwọn gbèdéke tí káńsù lè so mọ́ ìwé àṣẹ, tí wọ́n sì lè fi mú àjọ náà bí kò bá tẹ̀ lé e.

Èmi ti kọ tèmi. Mo ní kí ọkọ̀ akẹ́rù tí yóò kó iyẹ̀pẹ̀ jáde má gba iwájú ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní àkókò tí àwọn ọmọ ń wọlé àti nígbà tí wọ́n ń jáde. Mo ní kí wọ́n sọ fún wa ní ọdún mélòó-mélòó ni wọn yóò máa kó gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ inú adágún, ojú ọ̀nà wo ni wọn yóò gbé e gbà, àti ibi tí wọn yóò dà á sí, nítorí pé èyí ni ìyọnu tí kò ní parí lọ́jọ́ tí akọ́lé bá kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mo ní kí wọ́n ṣe ọgbà yí adágún ká, nítorí ó jìn, ọmọdé sì fẹ́ràn omi, ṣùgbọ́n kí wọ́n má dí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó gba inú pápá náà kọjá. Láti oṣù kejì 2024, òfin ti ní kí irú iṣẹ́ ńlá báyìí fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún ohun alààyè tó bá nílẹ̀, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún. Mo béèrè ẹni tí yóò máa wá wò ó nígbà tó bá pé ogún ọdún.

Ẹnìkan lè sọ pé kí ni èyí kan ará ilé. Èédú Udi, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí ní 1909, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wà ní Ogbete ní Enugu ní 1915, wà lára ohun tí ọkọ̀ ojú irin wa ń jó, òun náà ni wọ́n fi ń tan iná Èkó láti Ìjọra. Àwọn baba wa jẹ nínú àǹfààní rẹ̀. Awakùsà 21 ni ọlọ́pàá sì yìnbọn pa ní ibi ìwakùsà Iva Valley ní Enugu ní oṣù kọkànlá 1949. Àwọn kòtò náà ti dákẹ́, omi ń ti ibi ìwakùsà Onyeama ṣàn lọ sínú odò Ekulu. Òfin ìwakùsà Nàìjíríà ti 2007 ní kí àwọn tó gba ìwé àṣẹ máa dá owó sílẹ̀ fún àtúnṣe ilẹ̀, ṣùgbọ́n kòtò tí wọ́n ti pa tì kí òfin náà tó dé kò ní ẹni tó ń dá owó fún un. Bí àwọn aṣòfin wa bá ń wá àwòkọ́ṣe, kí wọ́n wo Mansfield.

Ọjọ́ 21 tiwa ku méje lónìí. Mo ti bá ẹ̀gbọ́n wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọn kò tíì gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n máa bọ̀ ní Sátidé kí n kó àwòrán iṣẹ́ náà dání, kí a jọ rìn dé etí odò.

Èmi ni olùkàwé yín,
Ní ìlà-oòrùn Durham