Wọ́n Ti Di Ẹrù Kí Wọ́n Tó Ní Ká Gbàdúrà

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ bá mi ṣí Bíbélì yín sí ìwé Jeremáyà orí 42. Jerúsálẹ́mù ti ṣubú. Gédálíà, ẹni tí ọba Bábílónì fi ṣe olórí àwọn tó ṣẹ́kù ní ilẹ̀ náà, ni Íṣímáẹ́lì ọmọ Netanáyà ti pa ní Mísípà, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé àwọn ará Kálídíà, àwọn ará Bábílónì náà ni, yóò wá gbẹ̀san. Johánánì ọmọ Káréà kó tọmọdé tàgbà wọn lẹ́yìn, wọ́n wá bá wòlíì Jeremáyà. Wọ́n ní kó bá àwọn bèèrè lọ́wọ́ Olúwa, kó fi ọ̀nà tí àwọn yóò tọ̀ han àwọn. Wọ́n tún fi ẹ̀jẹ́ sí i: ì báà ṣe rere, ì báà ṣe búburú, ohun tí Olúwa bá wí ni àwọn yóò ṣe.

Ta ni kò ní ṣe àmín sí irú àdúrà bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ojú ìwé padà sẹ́yìn díẹ̀, sí orí 41 ẹsẹ 17. Ẹ̀bá Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ni wọ́n wà nígbà tí wọ́n ń jẹ́ ẹ̀jẹ́ yẹn, níbi tí wọ́n dúró sí lójú ọ̀nà Éjíbítì. Wọ́n ti kúrò nílé. Ẹrù ti dì, ọmọ ti wà lẹ́yìn ìyá, ojú ti kọ ibi tí wọ́n ń lọ. Òǹtẹ̀ lásán ni wọ́n wá gbà lọ́wọ́ Jeremáyà.

Ọjọ́ 10 kọjá kí ọ̀rọ̀ Olúwa tó dé. Ó ní kí wọ́n jókòó sí ilẹ̀ náà, òun yóò gbé wọn ró, kí wọ́n má bẹ̀rù ọba Bábílónì. Èsì wọn wà ní orí 43: "Irọ́ ni ò ń pa." Wọ́n tún wá ẹni tí wọ́n máa di ẹ̀bi rù, wọ́n ní Bárúkù akọ̀wé ló ń ti Jeremáyà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ohun tí àwọn èèyàn yìí ń fẹ́ dáadáa. Wọ́n fẹ́ ibi tí kò ti sí ogun, ibi tí wọn kò ti ní gbọ́ ìró ìpè, ibi tí ebi kò ti ní pa wọ́n (42:14). Ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń wá tí a fi ń sọ pé a fẹ́ jápa. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú fífẹ́ àlàáfíà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni pé wọ́n ti pinnu tán, wọ́n wá fi àdúrà bo ìpinnu náà lórí.

Láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ, kí ẹnikẹ́ni nínú ìjọ yìí tó béèrè pé "kí ni Ọlọ́run ń fẹ́?", kó kọ́kọ́ sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń fẹ́. Ẹ má fi pamọ́ fún Un. Ẹ wo Jésù ní Gẹtisémánì, Mátíù 26, kí ẹ sì fi àdúrà Rẹ̀ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ní ẹsẹ 39: "Bí ó bá lè ṣe é ṣe, jẹ́ kí ago yìí kí ó ré mi kọjá." Ní ẹsẹ 42: "Bí ago yìí kò bá lè ré mi kọjá bí kò ṣe pé mo mu ún, ìfẹ́ tìrẹ ni kí a ṣe." Ẹ̀bẹ̀ ló ṣáájú nínú ti àkọ́kọ́, ìjọ̀wọ́ ara sì tẹ̀lé e. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀bẹ̀ pé kí ago kọjá kò sí níbẹ̀ mọ́. Ago náà wà níbi tó wà. Olúwa kò díbọ́n pé kò wu òun kó kọjá, Ó sọ ọ́ jáde lẹ́nu, Ó sì tún padà lọ gbàdúrà lẹ́ẹ̀kẹta (ẹsẹ 44). Bí Ọmọ Ọlọ́run bá kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lórí ọ̀rọ̀ kan, ta ni àwa tí a fẹ́ parí tiwa nínú àdúrà ìṣẹ́jú 5 kí a tó sùn?

Èdè wa tiẹ̀ ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín. "Ìfẹ́" là ń pe ohun tí ọkàn ń fẹ́, "ìfẹ́" náà là ń pe ohun tó wà láàárín ìyá àti ọmọ rẹ̀. Nígbà tí a bá ń ka Àdúrà Olúwa, tí a ní "Ìfẹ́ tìrẹ ni kí a ṣe", ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbé méjèèjì. Ẹni tó rò pé ńṣe ni Ọlọ́run ń ṣọ́ ohun tó dùn mọ́ òun kó lè já a gbà, kò ní lè tú ọwọ́ sílẹ̀ láé. Ẹni tó bá mọ̀ pé Baba fẹ́ràn òun ni ọwọ́ rẹ̀ ń tú.

Báwo la ṣe máa ṣe é? Ẹ wá ìwé àti bírò. Ẹ kọ ohun tí ẹ ń fẹ́ ní gbólóhùn kan, kí ẹ kọ déètì sí i. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ bi ara yín pé "nítorí kí ni?", kí ẹ sì bi í títí tí ìdáhùn kò fi ní sí mọ́. "Mo fẹ́ lọ sí Kánádà kí ọdún yìí tó parí." Nítorí kí ni? "Owó oṣù mi kò tó gbọ́ bùkátà." Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ọdún yìí? "Gbogbo àwọn tí a jọ jáde ìwé ti lọ tán." Lílọ tiwọn wá ṣe kàn yín báwo? Bírò máa ń dúró níbẹ̀. Ohun tó máa ń jáde gbẹ̀yìn lè jẹ́ "ojú ń tì mí". Ìtìjú yẹn ni kí ẹ gbé lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́run, nítorí bí ẹ kò bá gbé e lọ, ẹ ó gbé e wọ bàálù ni.

Ní ojú ewé kejì, ẹ kọ ọ́ pé: "Bí Olúwa bá ní rárá, ohun tí màá ṣe láàárọ̀ ọ̀la nìyí." Ẹ kọ iṣẹ́ tí ẹ máa lọ, owó ilé tí ẹ máa san, ẹni tí ẹ máa pè. Bí ọwọ́ bá kọ̀ láti kọ ọ́, ẹ má tíì béèrè ìtọ́sọ́nà rárá. Ohun kan ni kí ẹ máa gbàdúrà lé lórí títí yóò fi rọ̀: Fílípì 2:13, pé Ọlọ́run ló ń ṣiṣẹ́ nínú wa láti fẹ́ àti láti ṣe. Ẹ ṣàkíyèsí pé fífẹ́ ṣáájú ṣíṣe. Ó lè mú kí a fẹ́ ohun tí a kò fẹ́ lánàá.

Ẹ fún un ní ọjọ́ 10. Kì í ṣe òfin, Jeremáyà náà ló ṣáà dúró bẹ́ẹ̀. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí, ẹ má san àsansílẹ̀, ẹ má sọ fún àna, ẹ má fi lé orí WhatsApp. Owó tí a bá ti san máa ń lẹ́nu nínú àdúrà. Òun ló máa dáhùn kí Ọlọ́run tó sọ̀rọ̀. Ẹ bi àgbà méjì tí kò ní rí èrè kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ejẹ́ǹtì tó máa gba owó iṣẹ́ kò sí lára wọn, ọ̀rẹ́ tó ń wá ẹni tí wọ́n máa jọ lọ kò sì sí lára wọn.

Bí ẹ bá máa gba ààwẹ̀, aago 6 àárọ̀ sí 6 ìrọ̀lẹ́ tó. Aláboyún, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí ọgbẹ́ inú, àti ẹni tó ń lo oògùn lójoojúmọ́, kí wọ́n jẹun o. Kí wọ́n fi fóònù sílẹ̀ dípò oúnjẹ. Ààwẹ̀ kì í fi ipá mú Ọlọ́run. Ohun tí Aísáyà 58:3 bá àwọn tó ń gbààwẹ̀ wí lé lórí ni pé ìfẹ́ ara wọn ni wọ́n ń wá lọ́jọ́ ààwẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí kò nílò ààwẹ̀. Ẹni tó fẹ́ lọ kàwé ní Ìlú Ọba, tí wọ́n ní kí owó wà nínú àkáǹtì rẹ̀ fún ọjọ́ 28, tó wá yá owó olówó tó sọ pé tòun ni, kó má wá sí ìsọ́ òru láti béèrè bóyá Ọlọ́run fọwọ́ sí i. Ẹni tí ọkọ ọlọ́kọ tàbí aya aláya ń kọ ẹnu sí náà, 1 Tẹsalóníkà 4:3 ti dá a lóhùn: "Èyí ni ìfẹ́ Ọlọ́run, àní ìwà mímọ́ yín."

Ẹ tún ṣọ́ra fún àmì. "Gbogbo ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún mi" kò tó ẹ̀rí. Jónà, wòlíì tó ń sá fún Olúwa, dé Jópà, ó bá ọkọ̀ tó ń lọ sí Táṣíṣì, owó ọkọ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọkàn mi balẹ̀" nìkan kò tó: Jónà yẹn kan náà ló sùn fọnfọn nínú ọkọ̀ nígbà tí ìjì ń jà. Ọ̀nà tó dí náà kò tó. Ní Ìṣe 16, Ẹ̀mí ló dí Pọ́ọ̀lù lọ́nà Bítíníà. Ní 1 Tẹsalóníkà 2:18, Sátánì ló dí i lọ́nà. Ní ti "wòlíì kan ríran sí mi", ẹ ka 1 Àwọn Ọba 13. Olúwa ti sọ fún ènìyàn Ọlọ́run láti Júdà pé kó má jẹun, kó má mu omi ní Bẹ́tẹ́lì. Wòlíì àgbà kan ní áńgẹ́lì sọ fún òun pé kó padà wá jẹun. Irọ́ ni. Ó padà, ó jẹun, kìnnìún sì pa á lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ tí Ọlọ́run ti sọ tẹ́lẹ̀ la fi ń wọn ìran, ẹnu yòówù kí ìran náà ti jáde.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ka ìwé yìí tí wọ́n ti lọ sí Éjíbítì tiwọn. Ìgbéyàwó ti ṣẹlẹ̀, owó ti wọlé okòwò, ilé ti di títà. Ẹ má fi "kì í ṣe ìfẹ́ Ọlọ́run tẹ́lẹ̀" tú ìgbéyàwó ká. Láti ọjọ́ tí ẹ ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ yẹn, ìfẹ́ Ọlọ́run ni pé kí ẹ pa á mọ́. Gbèsè tí ẹ jẹ, ẹ san án. Irọ́ tí ẹ pa, ẹ jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ẹni tí ẹ pa á fún. Àwọn ìyókù Júdà fi agídí lọ, wọ́n sì mú Jeremáyà àti Bárúkù dání. Ẹ ka Jeremáyà 43:8, kí ẹ sì wo ibi tí ọ̀rọ̀ Olúwa ti tún tọ wòlíì náà wá: ní Táfánésì ni, nínú ilẹ̀ Éjíbítì.