Àdùkẹ́ mi, lọ kọ́ keirin yẹn

Àdùkẹ́ mi,

Látalẹ́ Sọ́ńdè tó o ti sunkún lórí fóònù, ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Kọ́ọ̀ṣì ní kó o fi eré kẹ̀kẹ́ 500 mítà sílẹ̀ kó o lọ kọ́ keirin, eré kẹ̀kẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń sá pọ̀, o wá ń sọ pé ayé ẹ ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́ o, ọmọ mi.

Ìwọ náà lo sọ ìtàn Chris Hoy, oníkẹ̀kẹ́ ará Scotland yẹn, fún mi. Kílò, ìyẹn 1,000 mítà tí wọ́n ń dá sá, ló fi gba góòlù ní Athens lọ́dún 2004, àfi bí wọ́n ṣe yọ eré náà kúrò nínú Olympics, tòun ti 500 tàwọn obìnrin tó o fẹ́ràn yẹn. Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ̀ o! Ló bá gbájú mọ́ keirin àti sprint tẹ́ni méjì máa ń bára wọn sá, nígbà tó máa fi di Beijing lọ́dún 2008, góòlù mẹ́ta ló kó wálé, ó tún gba méjì ní London lọ́dún 2012.

Bó ṣe ṣe ìyá àgbà ẹ náà nìyẹn ní Ìtòkú níbí. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni tiwọn, ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ń ya ẹ̀kọ sára aṣọ, ọwọ́ wọn kì í gbọ̀n. Ìgbà tí oníbàárà wá ń bèèrè kàm̀pálà, àdìrẹ tí wọ́n ń fi àbẹ́là ṣe, wọ́n sunkún bíi tìẹ, ni wọ́n bá lọ jókòó ti ọmọbìnrin kan tí wọ́n lè bí, ó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń yọ́ àbẹ́là. Owó kàm̀pálà yẹn ló rán mi níléèwé.

Mo mọ ohun tó ń bà ẹ́ lẹ́rù. Nínú 500 ìwọ nìkan lo wà lójú tráàkì, nínú keirin gbogbo yín lẹ máa tò sẹ́yìn ọ̀kadà, tó bá wá ku rọ́ọ̀ndù mẹ́ta ó máa yà fún yín, oníkálukú á máa já àyè gbà, kẹ̀kẹ́ ọ̀hún ò sì ní bíréèkì. Èmi náà ń bẹ̀rù, mi ò ní purọ́ fún ẹ, àgàgà látìgbà tí mo ti gbọ́ ti Kristina Vogel, oníkẹ̀kẹ́ ará Jámánì, tó kọ lu ẹlòmíì níbi tréníìn lọ́dún 2018 tí ò lè rìn mọ́. Jọ̀ọ́, máa bèèrè ẹni tó kù lójú tráàkì kó o tó tẹ̀ ẹ́, tó bá sì rẹ̀ ẹ́, sọ̀ kalẹ̀, má tijú ẹnikẹ́ni.

Mo ti fi gààrí àti ẹja yíyan rán dírébà Abuja kan ní Kútọ̀. Tó o bá ti gun keirin àkọ́kọ́ tán, ò báà kẹ́yìn, pè mí kó o tó lọ wẹ̀.

Màmá ẹ