Lẹ́tà sí Ọmọ Mi Lórí Níní Búlọ́ọ̀gù Tirẹ̀

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn pé ara rẹ le. Ṣùgbọ́n ohun tí o kọ pé àwọn gbajúmọ̀ àti ọ̀mọ̀wé nìkan ni ó yẹ kí wọ́n ní búlọ́ọ̀gù, ìyẹn ojú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ènìyàn ti ń kọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Ẹni tí kò lókìkí ni ó wà nídìí àṣà yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1994, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Amẹ́ríkà, Justin Hall, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí Blogger, ètò kan tí a fi ń ṣe búlọ́ọ̀gù, dé ní 1999, tí irú rẹ̀ mìíràn, WordPress, sì tẹ̀lé e ní 2003, ẹni tí kò mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rárá lè gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde láìtọrọ àyè lọ́wọ́ olóòtú kankan.

O ní ohun tí o mọ̀ kéré. Ìwọ tí o ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, nígbà tí ẹ̀rọ kan bá dá ọ lágara, ta ni ó ń là ọ́ lójú? Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnì kan tí irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ ti bá fínra rí ni, tí ó fara balẹ̀ kọ bí òun ṣe yanjú rẹ̀ sílẹ̀. Kò mọ̀ ọ́, ìwọ náà kò mọ̀ ọ́n, kò sì sí ilé ìtẹ̀wé tí yóò tẹ irú àkọsílẹ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ jáde. Síbẹ̀, òun gan-an ni ó gbà ọ́ lọ́jọ́ náà. Kí ló dé tí ìwọ kò fi ní í ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn?

Àǹfààní tìrẹ pàápàá wà níbẹ̀, èyí ni mo sì kà sí pàtàkì jù. Èrò tí ó wà lọ́kàn máa ń jọ èyí tó pé, títí a ó fi gbìyànjú láti kọ ọ́ fún àjèjì, tí a ó wá rí ibi tí a ti fò ó, àti ohun tí a gbà gbọ́ láìwádìí.

Mo mọ̀ pé o ń kọ púpọ̀ sórí Facebook, ṣùgbọ́n ilé onílé nìyẹn. Yahoo ti GeoCities, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣe ojú ìwé tiwọn, pa ní 2009, Google sì ti Google+, ìkànnì tirẹ̀ tó jọ Facebook, pa mọ́ àwọn ènìyàn ní 2019. Ní ọdún 2019 yẹn kan náà ni ó hàn pé orin tí àwọn ènìyàn ti gbé sórí ìkànnì MySpace fún ọ̀pọ̀ ọdún ti sọnù. Nítorí náà, ra orúkọ ìkànnì, ìyẹn àdírẹ́sì orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí yóò jẹ́ tìrẹ, kí o sì máa fi ẹ̀dà gbogbo ohun tí o bá kọ pamọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ, kí o lè kó o lọ síbòmíràn bí ilé iṣẹ́ tí o gbé e sí bá kógbá sílé.

Má kọ àṣírí oníbàárà rẹ, má sì kọ ibi tí ò ń gbé. Má sì jẹ́ kí iye òǹkàwé kó ọ láyà sókè, nítorí àwọn tí ó nílò irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í dé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kọ́kọ́ kọ nípa ẹ̀rọ tí o sọ fún mi pé ó ń kú fúnra rẹ̀: àmì tí o rí, ohun tí o dán wò tí kò ṣiṣẹ́, àti ohun tí ó tún un ṣe níkẹyìn.

Èmi ni,
Bàbá rẹ