Bàbá Àánú, kó o tó tan amp yẹn, wo ibi tí wáyà earth ẹ̀ dé

Bàbá Àánú ọ̀rẹ́ mi,

Báwo ni Houston, ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé ooru mú gan-an lọ́dọ̀ yín báyìí. Àlàáfíà la wà n'Íbàdàn níbí, màmá ní kí n kí ẹ dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ voice note ẹ, inú mi dùn pé o ti ra amp, ẹ̀rọ tó ń mú kí orin mọ́tò dún sókè, àti wúfà tó ń gbé béèsì jáde, ṣùgbọ́n nígbà tó o ní ìwọ fúnra ẹ lo máa so ó lọ́jọ́ Sátidé àyà mi já, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ eléyìí, kó o lè máa rí nǹkan wò bó o bá ń ṣe é lọ́wọ́.

Mi ò tíì sọ ohun tójú Camry mi rí fún ẹ. Rewáyà kan ló bá mi so tèmi, wáyà tó ti orí bátìrì wá nípọn dáadáa, fíúùsì wà lára ẹ̀, kò sí wàhálà níbẹ̀. Wáyà earth, èyí tó ń dá iná padà gba ara irin bọ́dì mọ́tò, ló kù, ó kàn tú bóòtù kan nínú búùtù, ó ki lug, ìyẹn òrùka irin tó wà lẹ́nu wáyà, bọ̀ ọ́, ó gbé e lé orí ọ̀dà bẹ́ẹ̀, ó dè é padà, ó ní ó ti parí. Amp tàn, béèsì ń dún, mo sanwó. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà mò ń lọ sí Ṣágámù, mo yí orin sókè, kò pẹ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn rọ́bà tó ń jó, mo rò pé tírélà iwájú mi ni, mo yà á sílẹ̀, òórùn ọ̀hún ò lọ. Ni mo bá páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo ṣí búùtù, èéfín ń yọ lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Rọ́bà ara wáyà earth yẹn ti yọ́ kúrò lára kọ́pà tó ìwọ̀n ìka méjì, ó ti lẹ̀ mọ́ irin, ọ̀dà abẹ́ lug ti di búráùn, ó ń ṣí bí èèpo. Mo sáré lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wo fíúùsì, kò já o, bó ṣe wà ló wà!

Ohun tí mo fẹ́ kó yé ẹ gan-an nìyẹn. Fíúùsì ò mọ̀ pé wáyà ń gbóná níbì kan, iná tó bá pọ̀ jù ló ń já a. Tí ojú ibi tí wáyà ti kan irin ò bá dáa, iná ò ní pọ̀ jù, ó tiẹ̀ lè dín kù, àmọ́ gbogbo ooru á kóra jọ sójú kan ṣoṣo yẹn. Wò ó, ká ní amp ẹ ń fa ámpíà 60, tí ìdènà 0.05 ohm péré wà lójú earth: 60 lọ́nà 60 lọ́nà 0.05, watt 180 nìyẹn, bí ìgbà tó o tan gílóòbù aláwọ̀ pupa àtijọ́ oní 60 watt mẹ́ta sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ni. Volt 3 á sì ṣòfò síbẹ̀ kí iná tó débi tó ń lọ. Ọ̀dà kì í gbé iná, ìwọ̀nba eyín bóòtù ló ń bá ẹ gbé gbogbo ẹ̀.

Nítorí náà, kọ́kọ́ tú orí negative bátìrì kó o tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Wá ibi tí irin bọ́dì mọ́tò ti nípọn, má lo bóòtù bẹ́líìtì ìjókòó, jọ̀ọ́, nítorí ẹ̀mí nìyẹn wà fún. Tó o bá máa lu ihò tuntun, wọ abẹ́ mọ́tò wò ó ná, táńkì epo àti páìpù bíréèkì lè wà ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀. Fi sánpépà ha ọ̀dà títí irin á fi máa dán, kó fẹ̀ ju lug lọ díẹ̀. Tó o bá dè é le tán, kun ọ̀dà tàbí gírísì sórí ẹ̀ látìta, omi pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ Houston, ìpẹtà ò ní pẹ́ wọ̀ ọ́.

Wáyà earth gbọ́dọ̀ nípọn tó èyí tó lọ sórí bátìrì, kó kúrú, kó má ju bí íńṣì 18 lọ. Ẹ̀yin náà ń ta ayédèrú níbẹ̀ o: fi ọ̀bẹ fá ojú wáyà ẹ díẹ̀, tí inú ẹ̀ bá funfun, álúmíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò ni, tó o bá máa lò ó, ra èyí tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀, tí earth ò bá lágbára, iná á wá ọ̀nà míì padà, á gba inú okùn RCA, èyí tó ń gbé orin láti rédíò wá sínú amp, lọ sára rédíò, ó lè jó o. Tó o bá ti ń gbọ́ ohùn tín-ín-rín tó ń ga bó o ṣe ń tẹ túrọ́tù, earth ni kó o kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Bó o bá ṣe tán, gbé mítà tí wọ́n fi ń wọn volt, fi ẹnu wáyà ẹ̀ kan sára earth amp, fi èkejì sórí negative bátìrì, wáyà gígùn lo máa nílò, kó o yí orin sókè. Kò yẹ kí ohun tí mítà bá kà ju ìdajì volt lọ. Tèmi jẹ́ 2 lé díẹ̀ nígbà tó ń jó, lẹ́yìn tí bàbá rewáyà kan tún un ṣe ó di 0.1. Lẹ́yìn wákàtí kan, fọwọ́ kan ojú lug, kò gbọ́dọ̀ gbóná.

Má da kápẹ́ẹ̀tì padà títí wàá fi ya fótò irin tó o ha yẹn ránṣẹ́ sí mi. Aago méjì ọ̀sán tìrẹ, aago mẹ́jọ alẹ́ ni lọ́dọ̀ mi, mo máa wà lórí fóònù. Bá mi kí Ìyá Àánú.

Èmi ọ̀rẹ́ ẹ,
Bàbá Táyé