Kí ni ọ̀jọ̀gbọ́n ń ṣe nígbà tí kò sí ní kíláàsì?

Sí Olóòtú,

Mo kí ẹ̀yin àti gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ ìwé ìròyìn yín kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí síta, nítorí pé ìgbàkígbà tí gbọ́nmi-si-omi-ò-to bá ti wà láàárín ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, àti ìjọba àpapọ̀ ni mo máa ń gbọ́ ìbéèrè kan náà lórí rédíò, nínú ọkọ̀ èrò àti níbi ìnáwó: kí gan-an ni àwọn olùkọ́ yunifásítì ń ṣe tí wọ́n fi ń pariwo owó, nígbà tó jẹ́ pé wákàtí díẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ni láàárín ọ̀sẹ̀? Àwọn mìíràn a tún fi kún un pé ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń sin adìẹ, tàbí tó ń lọ kọ́ni ní yunifásítì aládàáni lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ti tàbùkù oyè rẹ̀.

Iṣẹ́ akọ̀wé ni mo ṣe ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan ní ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì ilẹ̀ Yorùbá títí mo fi fẹ̀yìntì. N kì í ṣe olùkọ́, ṣùgbọ́n orí tábìlì mi ni gbogbo ìwé ń gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ olórí ẹ̀ka, mo sì mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tó ń fi orúkọ iṣẹ́ jẹun.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ìwé ìdánwò, nítorí pé òun ni ará ìta kì í rí. Tí ìdánwò bá parí, olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní lè gba ìwé tó tó irínwó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Inú àpò Ghana-must-go ni wọ́n máa ń dì í sí, wọn a gbé e sínú búùtù mọ́tò, ó di ilé. Ọmọ kan lè kọ ojú ewé mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ìkọ̀wé ẹlòmíràn nínú wọn a sì máa dà bí ẹni pé adìẹ ló fi ẹsẹ̀ ha á. Ọ̀gá wa kan wà, ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin, tó jẹ́ pé ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́ ló máa ń kà nínú gbogbo ìwé náà tán kó tó padà sórí èkejì, kí ọmọ tí ìwé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ àpò má baà jìyà àárẹ̀ ojú tirẹ̀. Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ni, epo rẹ̀ sì ni. Kò sẹ́ni tó ń ka wákàtí wọ̀nyẹn mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìwé ìdánwò nìkan kọ́. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àwọn tó fẹ́ gboyè tún wà níbẹ̀. Mo rántí orí kẹta iṣẹ́ ọmọ kan tó ti ọ̀dọ̀ ọ̀gá yìí kan náà padà, tí bírò pupa ti gba gbogbo etí ìwé náà, ohun tó kọ sí ibi tó pọ̀ jù ni, “Ta ló sọ fún ọ?” Ọmọ náà jókòó sí ọ́fíìsì mi, ó ń sunkún, kò sì mọ̀ pé odindi ọjọ́ Àìkú ni ẹni tó ń bú yẹn fi kà á. Kí n má tíì sọ ti ìwádìí tiwọn fúnra wọn, èyí tí wọn kò lè ṣàìṣe, nítorí pé bí ènìyàn mọ̀ ọ́n kọ́ bí ìdan, wọn kì í tìtorí ẹ̀ sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Àfi kí wọ́n fi àwọn ìwé tó ti tẹ̀ jáde ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì mìíràn, kí àwọn yẹn sì jẹ́rìí sí i.

Ní ti ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn ọgbà yunifásítì, èmi kò fara mọ́ ọn pé inú kíláàsì nìkan ni kí wọ́n jókòó sí. Ta ni nínú àwa àgbàlagbà tó mọ Ayọ̀délé Awójọbí mọ́ kíláàsì nìkan? Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ ni ní Yunifásítì Èkó, Imperial College ní London ló sì ti gba oyè DSc. Síbẹ̀, a rí i lórí tẹlifíṣọ̀n níbi tó ti ń darí ìdíje ìbéèrè, a gbọ́ nípa ọkọ̀ tó tún ṣe tó pè ní Autonov 1, a sì rí i nílé-ẹjọ́ níbi tó ti ń bá ìjọba alágbádá ìgbà Shagari fà á. Ó kú ní 1984, lẹ́ni ọdún 47, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sì fẹ́ràn rẹ̀ jù.

Tàbí ẹ wo Babs Fáfúnwá, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ní 1970, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́, wọ́n ní kí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà gbáko, kí èdè Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Ẹni tó gbádùn mọ́ mi jù nínú wọn ni Adébísí Afọláyàn, nítorí pé ìmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì gan-an ni iṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ èsì wò, àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Títí dòní, kò sí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lórílẹ̀-èdè yìí tí kò yẹ kó mọ̀ nípa iṣẹ́ náà.

Nítorí náà, ohun tí èmi fi ń wọn ìrìnkèrindò ọ̀jọ̀gbọ́n kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé nǹkan kan nínú rẹ̀ ń padà bọ̀ sọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí nìyí. Nígbà ìdìbò, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n àti àwọn gíwá yunifásítì ni INEC, àjọ elétò ìdìbò, máa ń lò láti ka èsì jáde, wọ́n gbà pé ojú yóò ti irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti purọ́ mọ́ nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n ní 2021, ilé-ẹjọ́ kan ní Akwa Ibom rán ọ̀jọ̀gbọ́n kan nínú ìmọ̀ ilẹ̀ ọ̀gbìn lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta nítorí èsì ìbò 2019 tó yí padà. Kí ni àwọn tó jókòó síwájú rẹ̀ ní kíláàsì yóò kọ́ nínú ìyẹn?

Ní ẹ̀ka tiwa, a ní ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń pè é ní “Prof Àbújá”. Èmi ni mo máa ń lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn pé kò sí kíláàsì lónìí. Ọ̀dọ́ olùkọ́ kan tí kò tíì gba oyè ọ̀mọ̀wé ló ń bá a kọ́ iṣẹ́ rẹ̀, orúkọ “Prof Àbújá” ló sì wà lórí èsì. Àwọn tó ń fi máàkì lépa ọmọbìnrin burú jù ú lọ, kí òfin mú wọn. Ṣùgbọ́n òfin kankan kò mú “Prof Àbújá”.

Owó ńkọ́? Àdéhùn tí ìjọba àti ẹgbẹ́ ASUU ṣe ní 2009, nígbà tí dọ́là kan wà ní nǹkan bíi náírà 150, ni wọ́n ṣì fi ń ṣírò owó oṣù wọn ní 2024 tí dọ́là ti kọjá náírà 1,500, àfi ìwọ̀nba tí wọ́n bù kún un ní 2023. Nígbà tí wọ́n yanṣẹ́ lódì láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ìjọba dá owó oṣù wọn dúró. Wọ́n padà dé, wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ohun tó ti kọjá lọ, síbẹ̀ ó di 2023 kí ààrẹ tuntun tó ní kí wọ́n san oṣù mẹ́rin níbẹ̀. Ẹni tó bá ń fi adìẹ sínsìn tì í lẹ́yìn kò jí ohun ẹnikẹ́ni, bó bá ṣáà ti ń wọ kíláàsì rẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn aláṣẹ yunifásítì fún ni pé, ní ìparí sáà ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lẹ ìwé kan síta tí yóò fi orúkọ ẹni tó kọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gan-an hàn, iye ọ̀sẹ̀ tó fi kọ́ ọ, àti ọjọ́ tó kó èsì ìdánwò wá. Kí INEC àti àwọn iléeṣẹ́ ìjọba tó ń yá ọ̀jọ̀gbọ́n lò sì kọ́kọ́ béèrè fún ìwé náà kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Kò nira láti tẹ̀: iṣẹ́ ọjọ́ kan ni fún akọ̀wé, nítorí pé gbogbo rẹ̀ ló ti wà nínú fáìlì.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akọ̀wé tó ti fẹ̀yìntì,
Òṣogbo.