Àwọn káàdì inú ìwé orin bàbá rẹ

Àkànní ọmọ mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ. Mo fẹ́ fi ohùn dá ọ lóhùn, ṣùgbọ́n ẹkún ò jẹ́ n parí gbólóhùn kan, ni mo bá mú bírò. O ní èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yín ti jáde, pé AS ni ìwọ, AS ni àfẹ́sọ́nà rẹ, pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ gbé àbùdá fòníkú-fọ̀ladìde sínú ẹ̀jẹ̀ láìṣàìsàn. O wá ní, "Màámi, bó bá ti jẹ́ àyànmọ́ wa ni, ta ló lè yí i padà?" Ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ sọ fún mi ní 1989 gẹ́lẹ́ nìyẹn, lórí bẹ́ǹṣì kan lẹ́nu ọ̀nà ilé àyẹ̀wò n'Íbàdàn. Wọn ò sọ ọ́ létí rẹ rí, síbẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ náà lo ṣe sọ ọ́.

O mọ̀ pé o ní ẹ̀gbọ́n obìnrin. Fọ́tò rẹ̀ ló wà lára ògiri pálọ̀. Ọmọ ọdún méje ni ọ́ nígbà tó lọ. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé èmi àti bàbá rẹ ti mọ̀ kí a tó ṣe ìgbéyàwó. A jẹ́ kí gbogbo ẹbí gbà pé ẹ̀yìn ìgbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ àìsàn la tó mọ̀. Irọ́ ni. Má bínú sí bàbá rẹ nínú sàréè, àwa méjèèjì la jọ pa irọ́ náà.

Wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní káàdì kékeré kan, bírò pupa ni wọ́n fi kọ AS sí i. Nọ́ọ̀sì tó fún wa ṣàlàyé títí, kò fi nǹkan kan pamọ́. Bàbá rẹ gba tèmi lọ́wọ́ mi, wọ́n kó o pọ̀ mọ́ tiwọn, wọ́n sì fi méjèèjì há inú ìwé orin wọn. Nígbà tó di alẹ́, ìyá mi bi mí pé kí ni wọ́n wí níbẹ̀. Mo ní, "Kò sí wàhálà, Ìyá." Kò sí ẹni tó ti ọ̀rọ̀ yẹn bọ̀ mí lẹ́nu. Èmi ni mo sọ ọ́.

Ẹ̀jẹ̀ AS tó wà lára rẹ, àkúnlẹ̀gbà ni. O kò yàn án, wọ́n fi fún ọ ni, bí wọ́n ṣe fi fún èmi náà. Bí o bá kó ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin jọ, bí ẹnì kan nínú wọn ló ní in. Kò sì dédé wọ inú ẹ̀jẹ̀ wa. Ibà ẹ̀fọn ló fà á: ibà líle kì í tètè pa ọmọ tó jẹ́ AS bó ṣe ń pa ọmọ tó jẹ́ AA, tí kò ní in rárá, ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín àwa tí ẹ̀fọn ti ń jẹ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ohun tó gba àwọn baba ńlá wa lọ́wọ́ ikú ni. Ìgbà tí méjì rẹ̀ bá pàdé lára ọmọ kan ló ń di SS, ìyẹn fòníkú-fọ̀ladìde. Àwọn àgbà rí i, wọn ò mọ ohun tó fà á. Ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n pè ní àbíkú, wọ́n sọ wọ́n ní Málọmọ́, wọ́n sọ wọ́n ní Kòkúmọ́, wọ́n ń fi orúkọ bẹ̀ wọ́n. Mi ò lè bá wọn wí. Wọn ò ní káàdì lọ́wọ́. Èmi ní.

Nọ́ọ̀sì náà ní ẹyọ kan nínú mẹ́rin. Ohun tí bàbá rẹ gbọ́ ni pé bí a bá bí ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan á ṣàìsàn, wọ́n ní méjì péré la ó bí. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ń da owó ẹyọ tirẹ̀: ọ̀nà kan SS, ọ̀nà méjì AS, ọ̀nà kan AA, bí èyí tó ṣáájú bá sì ti já sí kò kan èyí tó ń bọ̀. Oyún àkọ́kọ́ tí a ní ni ẹ̀gbọ́n rẹ.

Jẹ́ kí n sọ ti òru kan fún ọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Òjò ti rọ̀ nírọ̀lẹ́, òtútù mú un, nígbà tó di bí aago kan òru, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bẹ̀rẹ̀. Kò pariwo. Ó ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń jẹ̀rora láì pariwo kí ìwọ má baà jí. Etí aṣọ ìbora ló ń gé jẹ. Mo fi àbóníkí ra á lẹ́sẹ̀, mo rọ omi gbígbóná sínú ìgò, mo fi tówẹ̀lì wé e, mo gbé e lé e ní orúnkún. Bàbá rẹ ti jáde lọ wá mọ́tò, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé ẹnu ilẹ̀kùn ni. Ọmọ náà wò mí, ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ní, "Màámi, ẹ bá mi bẹ eegun mi."

Bàbá rẹ gbọ́ ọ. Wọn ò wọlé. Wọ́n dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. A ò jà lọ́jọ́ náà, a ò sì pínyà títí wọ́n fi kú, ṣùgbọ́n láti òru yẹn ni àwa méjèèjì kò ti lè wo ojú ara wa pẹ́ mọ́. Ìfẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ purọ́, ìdákẹ́jẹ́ ló gbé e lọ. A ń pín oúnjẹ, a ń pín gbèsè ilé ìwòsàn, a kò pín ọ̀rọ̀.

Bí o bá bi mí bóyá mo kábàámọ̀ pé mo bí i, rárá o. Ọmọ tó máa ń na bàbá rẹ̀ nídìí ayò, tó máa ń fi orin gbé ọ sùn! Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé àwa la ra ọjà, òun ló sanwó rẹ̀.

O ní àyànmọ́ ò gbóògùn. Òótọ́ làwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà yẹn náà ló ní ọ̀rẹ́ mẹ́ta lọ yan orí nílé Àjàlá, ẹni tó ń mọ orí lọ́run. Oríṣèékú àti Orílèémèrè kò bi ẹnikẹ́ni, wọ́n gbé èyí tó wù wọ́n lójú, òjò pa wọ́n lọ́nà, orí wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Afùwàpẹ́ yà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ kó tó lọ. Wọ́n dá Ifá fún un, wọ́n ní kó mú iyọ̀ àti owó dání. Ó fi iyọ̀ kọ́ oníbodè ní ọbẹ̀ sísè, ó fi owó san gbèsè tó wà lọ́rùn Àjàlá, ni Àjàlá fúnra rẹ̀ bá bá a ṣa orí, tó fi ọ̀pá irin gbá a wò bóyá ó le. Ṣé o rí i? Lọ́run pàápàá, wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò.

Ẹ lọ tún ẹ̀jẹ̀ náà yẹ̀ wò níbòmíràn, ẹ̀yin méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, torí ilé àyẹ̀wò máa ń ṣàṣìṣe. Bó bá ṣì jẹ́ AS àti AS, ẹ jókòó kí ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ tó pé. Àwọn dókítà kan wà l'Ékòó báyìí tó ń yẹ ọlẹ̀ wò kí wọ́n tó gbé e sínú ilé ọmọ. Owó rẹ̀ pọ̀, kì í sì í fìgbà gbogbo dúró. Ẹ lè fẹ́ra yín kí ẹ gba ọmọ tọ́. Ẹ lè yẹ oyún wò láti bí ọ̀sẹ̀ kọkànlá, ṣùgbọ́n ẹ ronú ohun tí ẹ máa ṣe sí èsì kí ẹ tó lọ gbà á. Ẹ sì lè fi ara yín sílẹ̀, kí ẹ sunkún rẹ̀ nísinsìnyí. Ìwòsàn tí wọ́n fọwọ́ sí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ní 2023, tó ń tún ẹ̀jẹ̀ ṣe láti ìpìlẹ̀, owó rẹ̀ ju dọ́là mílíọ̀nù méjì lọ l'Amẹ́ríkà. Má fi ìyẹn ṣe ìrètí. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní kí o máa bẹ̀rù ẹni tó jẹ́ SS. Àwọn kan nínú wọn ti di ìyá àgbà, oògùn òní sì sàn ju ti ìgbà tiwa lọ. Ìwọ àti ọmọbìnrin náà ni kẹ́ ẹ jọ pinnu, kó má jẹ́ ìwọ nìkan. Kí ìyá rẹ̀ sì gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, màá dúró tì yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bó bá ṣe tèmi ni, ẹ fi ara yín sílẹ̀.

Ìwé orin bàbá rẹ ni awakọ̀ máa gbé fún ọ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Mi ò tíì yọ káàdì méjèèjì kúrò níbi tí wọ́n fi wọ́n há sí. Má dá ṣí i. Dúró dìgbà tí àfẹ́sọ́nà rẹ náà bá wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ jọ wò wọ́n.

Ìyá rẹ ni.