Ìkéde fún Gbogbo Ọmọ Ẹgbẹ́: Àyẹ̀wò Àmì-Ẹ̀yẹ Ayé Àwọn Ọba Rọ́ṣíà

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ọ̀wọ́n, a fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé láti ìpàdé tó ń bọ̀ lọ, a kò ní gba àmì-ẹ̀yẹ Rọ́ṣíà kankan fún títà tàbí pàṣípààrọ̀ láìjẹ́ pé a ti yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ àti òrùka tí wọ́n fi ń so ó kọ́ wò fínnífínní. Ayédèrú ti pọ̀ jù, pàápàá ti àgbélébùú Saint George, àmì-ẹ̀yẹ fún ìgboyà lójú ogun, èyí tí Ọbabìnrin Catherine Kejì dá oyè rẹ̀ sílẹ̀ ní 1769.

Òǹtẹ̀, ìyẹn àmì tí wọ́n tẹ̀ sára wúrà tàbí fàdákà láti fi hàn bó ṣe jẹ́ ojúlówó tó, ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Èyí tí wọ́n fi wúrà ṣe sábà máa ń ní 56 lára, ìyẹn ni pé ìdá 56 nínú 96 rẹ̀ jẹ́ ojúlówó wúrà. Ní 1899 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo òǹtẹ̀ orí obìnrin tó dé fìlà ìbílẹ̀ àwọn ará Rọ́ṣíà. Òsì ló kọjú sí, kí wọ́n tó yí i sí ọ̀tún ní 1908. Bí ẹnì kan bá wá ní ti 1880 ni tòun, tí orí obìnrin yìí sì wà lára rẹ̀, ẹ fura gidigidi.

Àgbélébùú Saint George ti àwọn ọmọ ogun tí kì í ṣe ọ̀gá, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1807, ló wù mí jù, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn ní nọ́ńbà tó lè júwe ẹni tó gbà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi ásíìdì tí wọ́n fi ń dán wúrà wò dán an: nọ́ńbà náà lè pa rẹ́. Ẹ má sì yọ rìbọ́ǹ rẹ̀ àtijọ́.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́